Súùtù yín ti pé, fìlà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ará Ìkòròdú tó fẹ́ jápa

Ẹ̀yin tí físà yín ti jáde, tí súùtù yín ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná lórí àkẹtẹ̀ dúdú tí wọ́n ń nà sí yín ní Sábó pé òun ló bá súùtù mu. Ó bá a mu lóòótọ́ nínú fọ́tò. Àmọ́ kò bo etí, etí gan-an sì ni òtútù kọ́kọ́ ń bá jà.

Ọyẹ́ tó ń mú wa wá súẹ́tà kiri láàárọ̀ ní Èbúté kì í sábà wá sísàlẹ̀ dìgírì 20. Ní Winnipeg tàbí Edmonton ní Kánádà, oṣù January lè gbé e dé mínọ́ọ̀sì 30. Tí afẹ́fẹ́ bá ti jẹ́ kó rí lára bíi mínọ́ọ̀sì 28, awọ ara tí kò ní ìbòrí lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ẹ lè dúró de bọ́ọ̀sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí á kọ́kọ́ máa ta yín, lẹ́yìn náà ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, á funfun bí eérú. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má yá a níná. Ẹ wọlé, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tó gbóná bò ó. Tó bá ṣì kú tipiri tàbí tó lé ròrò, ilé ìwòsàn ni.

London ò le tó bẹ́ẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í sábà já sísàlẹ̀ òdo lọ́sàn-án. Òjò àti afẹ́fẹ́ ló ń fìyà jẹni. Nítorí náà, ìlú tí ẹ ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, kí ẹ tó náwó sí fìlà.

Fún súùtù àti kóòtù gígùn, hẹ́ẹ̀dì wọ́mà tín-ín-rín tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Kó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, kó má ní bọ́ọ̀lù lórí, kó má ní àkọlé gàdàgbà níwájú. Tí kóòtù bá dúdú, ẹ wá dúdú tàbí àwọ̀ eérú. Tó bá jẹ́ búlúù tó ṣókùnkùn, ẹ wá búlúù bẹ́ẹ̀ tàbí eérú tó dúdú díẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ràkúnmí, búráùn ni. Ẹ ṣẹ́ etí fìlà náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fà á títí á fi bo ìsàlẹ̀ etí yín. Èyí tí wọ́n ń gbé ka àtàrí, tí etí wà níta gbalaja, oge lásán ni.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú òkìríkà, acrylic ni, òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe: ó rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn mu, kì í sì í pẹ́ tó fi ń ta kókó. Irun àgùntàn ṣì máa ń móoru tí omi bá tiẹ̀ kàn án díẹ̀. Ẹ gbé fìlà náà sẹ́nu, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kejì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí èémí yín bá kọjá wàrà, afẹ́fẹ́ ìta náà á kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ nà án síwájú iná mànàmáná, kí ẹ wo ihò wínníwínní tí kòkòrò jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé irun mọ́lẹ̀, ó lè máa yún yín níwájú orí. Ẹ wá merino, irú irun àgùntàn kan tó rọ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi sátíìnì tẹ́ inú rẹ̀. Sátíìnì yẹn dára fún ẹni tó ní dàda pẹ̀lú, torí irun àgùntàn a máa fa irun já.

Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì, ẹ ṣí i kíá. Inú wọn máa ń gbóná, ẹ óò làágùn, orí tó tutù lẹ ó sì gbé jáde sínú òtútù. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ tètè dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú kí ilà tí fìlà fà síwájú orí lè parẹ́, kí ẹ sì ki fìlà bọ apá kóòtù kó má baà sọnù.

Ẹni tó ń wọ táì tó sì fẹ́ ohun tó níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá kẹ́ẹ̀pù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi tweed (aṣọ irun àgùntàn tó nípọn) rán, irú èyí tó ní aṣọ ìbo-etí tí wọ́n ṣẹ́ mọ́ inú. Òun ló tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú gbogbo wọn: tí afẹ́fẹ́ bá dé, ẹ kàn fà á wálẹ̀. Fún mínọ́ọ̀sì 30, fìlà onírun tó ní etí gígùn ni, bó ti wù kó rí lórí súùtù.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ àkẹtẹ̀, kó ra èyí tí wọ́n fi irun ehoro tàbí ti beaver, ẹranko kan tó ń gbé inú omi, ṣe. Ti irun àgùntàn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjò a máa sọ ọ́ di jọwọrọ, a sì máa súnkì. Etí rẹ̀, ìyẹn ibi tó yọ síta yí i ká, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ púpọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọrùn kóòtù á máa tì í síwájú. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú. Bí ẹ bá ń fún un ní iwájú òkè, ibẹ̀ ló máa ya. Tó bá tutù, ẹ gbọn omi dànù, kí ẹ yí awọ inú rẹ̀ síta, kí ẹ gbé e dúró lórí awọ náà jìnnà sí hítà. Hítà ló ń mú awọ náà súnkì, tí fìlà ò fi ní gba orí mọ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí télọ̀ fi téèpù wọn orí yín: ìka kan lókè etí, gba àárín iwájú orí, yí ibi tó yọ lẹ́yìn orí ká. 58 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ fìlà nọ́ńbà 7¼ ní Amẹ́ríkà, 7⅛ ní ìlú Ọba. Tó bá bọ́ sáàárín méjì, ẹ mú èyí tó tóbi.

Ní ti agbádá, ẹ fi fìlà aṣọ òkè sínú báàgì títí ẹ ó fi dé gbọ̀ngàn. Tí ẹ bá fi hẹ́ẹ̀dì wọ́mà bò ó, á rún. Ẹ sì lè ní kí àwọn tó ń rán fìlà ní Ìkòròdú bá yín rán abetí ajá, kí wọ́n fi fleece, aṣọ òtútù tó rọ̀ bí irun, tẹ́ inú rẹ̀, kí etí rẹ̀ gùn dé ìsàlẹ̀ etí yín, kí wọ́n sì fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún ìwọ̀n orí, torí fleece á gbàyè.

Hẹ́ẹ̀dì wọ́mà kan péré ni kí ẹ rà nílé. Ìyókù, ẹ rà á níbẹ̀ lẹ́yìn Kérésì, nígbà tí wọ́n bá já owó rẹ̀ wálẹ̀. Inú báàgì ọwọ́ sì ni kí ẹyọ kan yẹn wà, torí àpótí lè má bá yín dé lọ́jọ́ kan náà.