Ẹ Ra Kóòṣì Kí Oṣù Kẹsàn-án Tó Parí

Òfin ohun amáyédẹrùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2021, èyí tó ya bílíọ̀nù 66 dọ́là sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ ojú irin tó sì gbé bílíọ̀nù 22 nínú rẹ̀ lé Amtrak, ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé èrò káàkiri Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ tààrà, yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní 30 oṣù Kẹsàn-án 2026. Èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ ní Washington báyìí. Wọ́n ń dárúkọ afárá, wọ́n ń dárúkọ ọ̀nà abẹ́ odò, wọ́n ń dárúkọ ìlú tuntun tí ọkọ̀ yóò dé. A kò kẹ́gàn ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń wí bọ̀ la tún fẹ́ wí: kóòṣì tí èrò ń jókòó sí kò tó, ibẹ̀ gan-an ni owó ọkọ̀ sì ti ń fò sókè. Bí òfin tuntun bá tún ti kóòṣì sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá bá wa sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n.

Ẹ wo ìròyìn ayọ̀ tí Amtrak gbé jáde nígbà tí ọdún ìṣúná 2025 parí. Ìrìn-àjò mílíọ̀nù 34.5, iye tí wọn kò dé rí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì bílíọ̀nù 2.7 dọ́là. Inú wa dùn sí i, nítorí ó jẹ́rìí pé àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin ju bí àwọn tó ń pè é ní ìnákúnàá ṣe ń sọ lọ. Àmọ́ ẹni tó ráyè wọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Philadelphia ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́, tó rí iye tí wọ́n ń pè é, tó sì fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ tó wa mọ́tò rẹ̀ gba ojú ọ̀nà I-95, kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Bí owó náà ṣe ń gòkè kì í ṣe awo. Ìpele ìpele ni wọ́n pín ijókòó inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Ìwọ̀nba ni wọ́n fi sí ìpele tó pọ́ọ́kú. Bí wọ́n bá ti rà á tán, kọ̀ǹpútà yóò sún sí ìpele tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan èyí tó ga jù. Kóòṣì kan nínú irú tí wọ́n ń pè ní Amfleet, lórí Northeast Regional tó ń ná Boston, New York àti Washington, gba ijókòó 72. Bí wọ́n bá já kóòṣì kan kúrò nínú ọkọ̀, àwọn ijókòó olówó pọ́ọ́kú ni yóò kọ́kọ́ pòórá, nítorí ẹni tó ń ta ọjà tí kò pọ̀ kò ní fi púpọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀dínwó. Ibi tí èrò ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà ló sì ń pinnu fún gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó ń ti Boston lọ sí Richmond lè bá a pé tíkẹ́ẹ̀tì ti tán, kìkì nítorí pé àárín New York sí Washington ti kún, bẹ́ẹ̀ ijókòó ṣófo rẹpẹtẹ láti Washington lọ sísàlẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní ìlànà tí gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń lò ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí èrò bá pọ̀ fún máa ń wá ọkọ̀ mìíràn kún tirẹ̀.

Níbo ni Amtrak yóò ti rí tirẹ̀? Láàárín 1975 sí 1977 ni ilé iṣẹ́ Budd ṣe Amfleet àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé wọ́n ti lé ní ọdún 48 lẹ́nu iṣẹ́. Superliner àkọ́kọ́, alájà méjì tó ń ná ọ̀nà jíjìn ìwọ̀ oòrùn, ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Pullman wá. Èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní 1981, ilé iṣẹ́ náà kò sì ṣe kóòṣì mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ Empire Builder yà kúrò lójú irin nítòsí Joplin ní Montana ní 2021, tí ọkọ̀ Southwest Chief náà sì kọlu ọkọ̀ akẹ́rù ní Mendon ní Missouri ní 2022, yàtọ̀ sí ẹ̀mí tó ṣòfò, àwọn kóòṣì tó bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní arọ́pò ní ọjà kankan láyé. Ní ìgbà àrùn Kòrónà, Amtrak dín àwọn mẹkáníìkì kù, wọ́n sì gbé kóòṣì pamọ́. Nígbà tí èrò padà dé, ọwọ́ tó yẹ kó tún àwọn kóòṣì náà ṣe ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀nà Cascades, láti Oregon títí dé Vancouver ní Kánádà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sí gbogbo ayé. Lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin tó ṣẹlẹ̀ ní DuPont lójú ọ̀nà yìí ní 2017, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ Talgo VI kúrò lójú ọ̀nà. Horizon ni wọ́n fi dípò, kóòṣì tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1989. Ní 26 oṣù Kẹta 2025, Amtrak ní ìpẹtà ti wọ ara Horizon, ó sì dá gbogbo wọn dúró, nǹkan bí 70. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gbé èrò láwọn ibì kan. Amfleet ni wọ́n wá kó láti ibòmíràn lọ dí àyè tó ṣófo, àyè mìíràn sì ṣí sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti kó o. A gbà pé dídá wọn dúró tọ́. Ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun ìdánwò. Ohun tí a kò gbà ni pé ilé iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn mílíọ̀nù 34 lọ́dún kò ní kóòṣì ìpamọ́ tó lè fi dí ihò kan láìgbẹ́ òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2012, ìpínlẹ̀ California àti àwọn ìpínlẹ̀ Midwest pawọ́ pọ̀ bèèrè kóòṣì alájà méjì 130, ilé iṣẹ́ Nippon Sharyo ni yóò kàn án. Ní 2015, wọ́n ti èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú agbára 800,000 pọ́ùn, bí ìlànà ṣe wí, ara rẹ̀ kò sì gbà á. Ó di 2017 kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ Siemens, alájà kan ni wọ́n sì yí i sí. Acela tuntun, ọkọ̀ ayára tí wọ́n bèèrè ní 2016, tí wọ́n ní yóò dé ní 2021, 28 oṣù Kẹjọ 2025 ló tó gbé èrò àkọ́kọ́. Ó dára, a kò jiyàn: ijókòó 386 dípò 304. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè kóòṣì lónìí, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó tó ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án kí èrò tó jókòó nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ “a ó gbé e yẹ̀ wò nínú òfin tó ń bọ̀” fi ń bí wa nínú. Ó ti sú wa.

Láàárín Chicago sí Carbondale, ohun kan wà tí a kò lè dákẹ́ lé lórí. Canadian National tó ni ojú irin náà ti pa á láṣẹ pé ọkọ̀ Amtrak tó bá gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ọ̀pá ẹsẹ̀ 32, ìyẹn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì pọ̀. Mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì, mẹ́rin lábẹ́ kóòṣì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ́ńjìnì kan àti kóòṣì méje ló pé e, yálà èrò pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ìdí wà fún un. Iná mànàmáná díẹ̀ ń gba inú irin méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gorí wọn, yóò so wọ́n pọ̀, ẹ̀rọ yóò mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀, igi ìdènà yóò sì sọ̀ kalẹ̀ níwájú mọ́tò. Bí ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí bá bo orí irin tí ọkọ̀ sì fúyẹ́, ẹ̀rọ lè má rí i. Ewu gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ojú irin ló yẹ kí wọ́n tún ṣe, tàbí kí wọ́n so ohun tó ń ran iná náà lọ́wọ́ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni kóòṣì ti ń tẹ̀ lé ẹ́ńjìnì lọ tó sì ń bọ̀ kí iye ọ̀pá lè pé, nígbà tí èrò ń dúró láìrí ijókòó níbòmíràn. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣàkóso ojú irin ní Washington lọ̀rọ̀ yìí wà. Kí ni wọ́n ń dúró dè?

Ọ̀rọ̀ Airo, ọkọ̀ tuntun tí yóò rọ́pò Amfleet, náà ńkọ́? Siemens ń kan 83 ní Sacramento, Cascades ni yóò sì kọ́kọ́ lò ó. Wọn kò ní máa yọ ẹ́ńjìnì oníná kí wọ́n so ti dísẹ́ẹ̀lì ní Washington mọ́, tí iná inú ọkọ̀ á máa kú tí èrò á jókòó sínú òkùnkùn. A fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n odidi ni ọkọ̀ Airo, a kò lè so kóòṣì kan mọ́ ọn ní ọ̀sẹ̀ Thanksgiving bí a ṣe ń ṣe fún Amfleet, bí ọ̀kan nínú kóòṣì rẹ̀ bá sì yọnu, gbogbo rẹ̀ ló lè wọlé àtúnṣe. Nítorí náà, à ń sọ ọ́ fún Amtrak lójúkojú: ẹ má ṣe ta Amfleet bí ẹní ń ta pàǹtírí lọ́jọ́ tí Airo bá dé. Irin tí kì í dípẹtà ni Budd fi ṣe ara wọn. Ẹ yan èyí tó le jù, ẹ tún abẹ́ rẹ̀ ṣe, kí ẹ fi í pamọ́ fún ọjọ́ tí èrò bá ya dé.

Àwọn òǹkàwé wa ní Houston mọ̀ ju bí a ṣe lè wí lọ. Ìlú kẹrin tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ni, Sunset Limited nìkan ló sì ń dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Dallas kò rí ọkọ̀ tààrà kankan. Cardinal tó ń lọ láti New York sí Chicago náà kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lọ. Kò sí bí ọkọ̀ méjèèjì ṣe lè di ojoojúmọ́ láìsí kóòṣì púpọ̀ sí i. Ọ̀nà abẹ́ odò Hudson tuntun ní New York pàápàá, tí a ń jà fún nítorí pé ti àtijọ́ ti wà láti 1910, ọkọ̀ púpọ̀ ni yóò gbà. Ọkọ̀ wo?

Ohun tí à ń bèèrè kò ṣòro láti kọ sínú òfin. Kí owó kóòṣì ní ìlà tirẹ̀, ọdún dé ọdún, tí wọn kò ní lè yí i sí afárá. Kí Amtrak lo àyè tó wà nínú àdéhùn Siemens láti ra Airo kún èyí tó ti bèèrè. Kí wọ́n bèèrè arọ́pò Superliner kí ìjàǹbá mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Kí Amtrak sì máa gbé e jáde lóṣooṣù, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: iye ijókòó tó tà, iye kóòṣì tó wà ní ilé àtúnṣe, iye ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì tán, kí a lè mọ ibi tí owó gíga ti ń wá. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìrìnnà ní Ilé Aṣojúṣòfin lọ̀rọ̀ yìí wà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àbá òfin kí wọ́n tó lọ ìsinmi oṣù Kẹjọ.