Òtítọ́ Dọ́jà, Ó Kùtà

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ìgbà tí ayé bá sú wa ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò rí i pé kò sọ pé òtítọ́ bàjẹ́, kò sì sọ pé ẹni tó gbé e wá kò mọ ọjà tà. Ó kùtà ni. Àwọn tó yẹ kí wọ́n rà á ló kọjá lọ sídìí àtẹ ẹlòmíràn. Ó yẹ kí ẹni tó ti ń sin Ọlọ́run láti ọjọ́ pípẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kí i kú iṣẹ́, mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Wòlíì Jeremáyà, ará Ánátótì, mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹtàlá ìjọba Jósáyà, ọba Júdà, ni Ọlọ́run pè é, ó sì lò ju 40 ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tó lo ọdún 23 lẹ́nu rẹ̀, ó sọ fún gbogbo ènìyàn Júdà pé òun kò dákẹ́ láti ọjọ́ náà, wọn kò sì gbọ́. Àwọn ará ìlú rẹ̀ gan-an dìtẹ̀ láti pa á. Pásúrì àlùfáà lù ú, ó sì kàn án lábà. Ọba Jèhóákímù fi ọ̀bẹ gé ìwé tí Bárúkù, akọ̀wé Jeremáyà, kọ láti ẹnu wòlíì náà, ó sì jù ú síná. Ọlọ́run tún ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ láya, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀ bó bá délé. Lójú tèmi, èyí ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀.

Inú tẹ́ńpìlì ló ti pàdé ẹni tí ọjà tirẹ̀ ń tà. Hananáyà, wòlíì mìíràn, dìde níwájú àwọn àlùfáà, ó ní kí ọdún 2 tó pé, Ọlọ́run yóò ti ṣẹ́ àjàgà ọba Bábílónì. Ta ni kò ní ra irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Jeremáyà pàápàá ní, Àmín, kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Hananáyà já àjàgà igi, tí Jeremáyà gbé kọ́rùn láti fi hàn pé Júdà yóò sin ọba Bábílónì, kúrò lọ́rùn rẹ̀ tó sì ṣẹ́ ẹ, Jeremáyà bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kò sì bomi la ọ̀rọ̀ tí a fi rán an kí ó baà lè tà bíi ti ẹnì kejì. Alágbàtà ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ọlọ́jà kọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọjà tó kùtà náà ni òtítọ́ o. Òmíràn ti jẹrà ni, òmíràn sì ni ẹnu burúkú ẹni tó ń tà á ló ń lé oníbàárà. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ wo inú igbá rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀rín ni wòlíì náà ń rín. Ó fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ bú, ó pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà di iná nínú egungun rẹ̀, kò lè pa á mọ́ra. Nítorí náà, ẹ̀yin ajíhìnrere inú ìletò, tí ìjọ yín kò ju bẹ́ǹṣì méjì lọ, ẹkún yín kì í ṣe àìṣòótọ́. Ohun tí Ọlọ́run wí fún Jeremáyà nígbà tó ráhùn ni pé kí àwọn ènìyàn náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wòlíì náà má padà sọ́dọ̀ wọn.

Ọdún kẹwàá ìjọba Sedekáyà, ọba Júdà, ogun Bábílónì yí Jerúsálẹ́mù ká, wọ́n sì ti Jeremáyà mọ́ àgbàlá àwọn ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ ti wá fi ilẹ̀ Ánátótì lọ̀ ọ́. Ọlọ́run ti ní a óò tún ra ilé àti ilẹ̀ ní ìlú náà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà rí náà ló wọn ṣékélì fàdákà 17 lórí òṣùwọ̀n níṣojú ẹlẹ́rìí, owó lọ́wọ́, ó sì ní kí Bárúkù fi ìwé ilẹ̀ náà sínú ìkòkò amọ̀, kí ó lè pẹ́.