Omi Ìfọṣọ Náà Ní Ìwé Ìrìnnà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ máa jayé yín lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ju họ́ọ̀sì ẹ̀ sí gọ́tà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bó bá ṣàn dé ẹnu ọ̀nà lándíọ́ọ̀dù, ẹ ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú," ó parí. Ní Thamesmead tí mo wà ní London yìí, omi ìdọ̀tí gan-an gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń lọ kó tó gbéra, bí ẹni tó fẹ́ dúró níwájú ìmígíréṣọ̀n.

Gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ń gbé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti ìdáná àti ti ìfọṣọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀ kúrò. Òjò ló ni èkejì, inú àwọn adágún tó wà láàárín ilé ló ń dà sí, níbi tí pẹ́pẹ́yẹ funfun tí ọrùn wọn gùn ti ń yan fanda. Ẹni tó bá so ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ ti òjò, ọṣẹ ló ń bù fún pẹ́pẹ́yẹ mu.

Nínú ilé ńkọ́? Họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè, ó kéré tán bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, kó tó yí wálẹ̀ sínú páìpù. Bó bá kàn wà nílẹ̀ lásán, bí ẹ̀rọ bá ṣe ń fa omi mímọ́ ni páìpù á máa fà á lọ: ó ń mu, ó ń tọ̀. Ẹ má sì dí ẹnu páìpù o, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ráyè wọlé. Màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ti ki àkísà bọ̀ ọ́, wọ́n ní kí òórùn má baà jáde. Mo ní, "Màmá, ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọrọdọ nísàlẹ̀ yẹn, omi tó dúró síbẹ̀ ló ń dènà òórùn." Wọ́n wò mí. "Omi tó ń rùn ló ń dènà òórùn?"

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Woolwich, ẹnjiníà tó gba máàsítà, so tiwọn mọ́ páìpù abẹ́ síǹkì. Ọmú ike kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń wá ní dídí. Àfi kéèyàn kọ́kọ́ gé e kí omi tó lè kọjá. Ẹ̀gbọ́n ò wò ó. Ẹ̀rọ fọṣọ, omi ò kúrò. Wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jà, wọ́n ní ògbólógbòó ọjà ni wọ́n gbé fáwọn. Ṣọ́ọ̀bù gbé òmíràn wá. Omi ò kúrò. Ìyàwó wọn ló rákòrò wọ abẹ́ síǹkì tòun ti ọ̀bẹ tó fi ń gé iṣu, ó gé ọmú ike, omi tú yàà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi ẹ̀gbọ́n léèrè o.

Ìyẹn tiẹ̀ sàn. Nígbà tí tèmi ṣiṣẹ́, màmá mi yọ họ́ọ̀sì, wọ́n tì í bọ inú korobá. "Omi tó ṣì ń hó lọ́ṣẹ báyìí lẹ fẹ́ dà nù? Ìgbádùn ti ba ẹ̀yin ọmọ yìí jẹ́." Kí n tó tibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti fi fọ balikóní, ó ń dán. Páìpù òjò ló sì ń gbé omi balikóní lọ, tààrà, sínú adágún. Mo ṣàlàyé títí, mo dárúkọ ìjọba, mo dárúkọ pẹ́pẹ́yẹ.

Wọ́n ní, "Ṣé àwọn pẹ́pẹ́yẹ ọ̀hún kì í wẹ̀ ni?"