Ẹ má gé igi torí ẹ̀gà

Ẹnì kan kọ ìròyìn pé olè lásán ni ẹyẹ ẹ̀gà, kí onílé gé igi tí wọ́n bá pa ìtẹ́ sí. Ó tì o! Lóòótọ́, wọ́n ń ya imọ̀ ọ̀pẹ títí yóò fi ku ọ̀pá, wọ́n sì ń jẹ ọkà lóko, ṣùgbọ́n kòkòrò ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé wa lábúlé tí ìtẹ́ wọn kún bámú. Akọ ló ń hun ún. Tó bá parí, á dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ pé kí abo wá wò ó. Bí abo bá kọ̀ ọ́ títí ewé fi gbẹ, akọ yẹn náà ni yóò tú u ká, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ráhùn pé ariwo ẹ̀gà pọ̀ jù, ẹnu wọn kì í dákẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ bí àwòdì bá yọ, ohùn wọn á yí padà lójijì, ìyá mi á sì ti pariwo pé ká kó òròmọdìẹ wọlé. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gé igi náà, ti aládùúgbò yín ni wọ́n máa bọ́ sí.