Ta ló ní ọ̀rá inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ ò wúlò?

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, àmọ́ àná ló kún dẹ́nu. Òjò ọ̀sán yẹn ò ṣe Àkúrẹ́ dáadáa. Nígbà tó dá, obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀, omi dúró síbi tí àwọn ọmọ ẹ̀ máa ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé òrùlé ọkọ̀ ló ń jò, kóun lọ wá owó. Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n ti tú ilẹ̀kùn yìí rí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún gíláàsì ẹ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá. Mo káwọ́ lérí.

Ohun kan náà ló ṣe mí.

Gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló kọ̀ tí ò gòkè mọ́, ti èmi jẹ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Oǹdó. Ọmọ iṣẹ́ tó dá mi lóhùn ki sùkúrúdíráfà ńlá bọ ẹ̀gbẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tó bo inú ilẹ̀kùn, ó sì fi agbára fà á. Mo gbọ́ bí àwọn kílíìpù ṣe ń já, pà, pà, pà. Lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, gọ́ọ̀mù dúdú yí i ká. Ó fà á ya, ó jù ú sábẹ́ ọkọ̀. Mo bi í pé kí lèyí ń ṣe. Ó ní, "Ọ̀rá lásán ni, mà. Kò sí nǹkan tó ń ṣe." Mo gbà. Mo san ₦15,000, gíláàsì gòkè, mo dúpẹ́, mo lọ.

Òjò kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ ọmọ mi rin. Káápẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Ẹlòmíì gba ₦10,000 lọ́wọ́ mi, ó fi gọ́ọ̀mù funfun pa gbogbo etí gíláàsì níta. Omi tún wọlé. Àwọn tó bá fẹ́ sọ fún mi pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́, mo ti fi í sílẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Sátidé kan, èmi àti àbúrò mi tó wà ní FUTA gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò nílé wa ní Ìjọ́kà, a tú ilẹ̀kùn náà fúnra wa. Àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, Ìrọ̀lẹ́ la parí. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é, torí kò sí agbára kankan níbẹ̀.

Ọwọ́ wíńdà, èyí tí wọ́n fi ń yí gíláàsì, la kọ́kọ́ yọ. Kílíìpù kékeré kan tó tẹ̀ bíi pátákò ẹṣin ló mú un látẹ̀yìn. Ẹ mú àkísà, ẹ fi há àárín ọwọ́ wíńdà àti pánẹ́ẹ̀lì, ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn bí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń nu bàtà, kílíìpù á jáde. Ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó, torí ó máa ń fò. Súkúrú kan wà nínú ibi tí wọ́n ń fọwọ́ fa ilẹ̀kùn, òmíràn wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n fi ń ṣí i. Ìsàlẹ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa pánẹ́ẹ̀lì, tó bá ti tú tán, à á gbé e sókè kó lè kúrò létí gíláàsì. Òkè ni ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló jẹ́ kí tèmi ní ojú àpá.

A fi téèpù oníwèé tí àwọn pẹ́ńtà ń lò so gíláàsì mọ́ òkè ilẹ̀kùn kó má bàa já lulẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ gíláàsì ẹ̀yìn kì í fi í sọ̀ kalẹ̀ tán. Táyà ni. Ilẹ̀kùn ti gé wọlé níbi tó yí táyà ká, àyè ò sí fún gíláàsì ńlá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi irin kan pín in, tí gíláàsì kékeré kan dúró lẹ́yìn tí kì í gbéra. Ẹni tó bá fẹ́ yọ gíláàsì ńlá gbọ́dọ̀ tú irin yẹn lókè àti nísàlẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá fipá fà á, tí irin sì gbá etí gíláàsì, gbogbo ẹ̀ á di wóró wóró lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí mo da omi sára gíláàsì níta, mo rí i tó ń ṣàn gba inú ilẹ̀kùn. Mo rò pé ibi tó ń jò nìyẹn. Rárá o! Bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ nìyẹn. Omi á wọlé, á sì gba ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ jáde. Ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kó yà sọ́dọ̀ èèyàn. Ihò tiwa pàápàá, erùpẹ̀ pupa ti dí i pa, wáyà la fi tú u. Mo ra ọ̀rá tó nípọn ní Ọjà Ọba, a gé e, a lẹ̀ ẹ́ yí ká, a ki ìsàlẹ̀ ẹ̀ sínú ilẹ̀kùn kí omi lè máa já sínú níbẹ̀. Òjò àná ò kan káápẹ́ẹ̀tì mi rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kọ kò ju báyìí lọ tẹ́lẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rá yẹn sọnù, kí kálukú tú ilẹ̀kùn ara ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà Oǹdó lọ́jọ́ Túsìdeè, láti lọ bínú. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bí mo ṣe bá wọn níbí nìyẹn, a máa ń fà á ya ni. Ẹnì kankan ò sọ fún mi rí pé ó ń ṣe nǹkan." Ó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹnu mi wọhò. Mo rántí pé lọ́jọ́ tó tú u, èmi ni mo dúró tì í tí mò ń sọ pé, "Yára jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ gbé àwọn ọmọ níléèwé." Ká ní ó ti fara balẹ̀ ṣí gọ́ọ̀mù yẹn díẹ̀ díẹ̀ ni, ṣé mi ò ní pariwo lé e lórí?

Gíláàsì náà ṣì ń dún tí mo bá pa ilẹ̀kùn, bóyá irin àárín yẹn ni a ò dè le tó. Mo fẹ́ tún un tú ní Sátidé. Ọmọ yẹn ní ṣé òun lè wá wò ó. Mi ò tíì dá a lóhùn.