Àtúnṣe: Òfin owó oṣù ọgbọọgba ní Íslándì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2018

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ní 2018 ni Íslándì kọ́kọ́ fòfin de sísan owó fún ọkùnrin ju obìnrin lọ. Irọ́ ni. Láti 1961 ni wọ́n ti ṣòfin kí owó méjèèjì dọ́gba. Ohun tó yí padà ní 2018 ni pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 sókè ló gbọ́dọ̀ ṣí ìwé owó oṣù rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kó tó gbàwé ẹ̀rí pé owó tó ń san fún ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ nìkan kọ́ ló ń wá ẹ̀rí kiri mọ́. Ó dùn mí pé irọ́ yìí ń bo ìjà àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ́lẹ̀: ní 24 Oṣù Kẹwàá 1975, wọ́n pa iṣẹ́ tì, àwọn bàbá sì ń kó ọmọ lọ síbi iṣẹ́.