Ta ló ní dáì àti ohun tó ń ṣe gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu régí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ dáì, ìyẹn ẹni tó ń ṣe irin tí wọ́n fi ń gé ọjà tàbí tí wọ́n fi ń fún un ní ìrísí: "Ṣebí ohun tí mo fẹ́ ló wà lọ́wọ́ yín yẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ gbẹ́ ihò rẹ̀ sínú irin, ó parí." Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń bínú sí owó tí a bá dá lé wọn, tí wọ́n á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ihò kan ṣoṣo fi ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lójú wọn, òdì ọjà ni dáì jẹ́: ibi tí ọjà bá yọ, kí dáì jìn, ibi tí ọjà bá jìn, kí dáì yọ, kí ìwọ̀n má yẹ̀.

Èrò yẹn kò tọ̀nà. Irin, ike àti bàbà kì í ṣe ohun tí ẹ lè tẹ̀ síbì kan kó sì jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Òmíràn á ta padà, òmíràn á súnkì, òmíràn á wú, òmíràn á ya. Iṣẹ́ oníṣẹ́ dáì ni láti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó ṣe é, kó sì fi dáì sí ìwọ̀n mìíràn, kí ọjà lè bọ́ sí ìwọ̀n tó yẹ. Dáì tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó ẹyọ ló sún mọ́ ohun tí wọ́n ń rò yìí jù, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tó ń lo dáì ló ń tẹ owó?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn jù, ká lu ihò róbótó sára páànù. Irin méjì ló ń ṣe é. Pọ́ǹṣì ni èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè, dáì ni èyí tó wà nísàlẹ̀ tó ní ihò tí pọ́ǹṣì máa wọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ni pọ́ǹṣì ń gé páànù láti òkè délẹ̀, pé bí àwọn méjèèjì bá ṣe há mọ́ra tó ni iṣẹ́ ṣe máa mọ́ tó. Ẹ mú páànù tí wọ́n ti lù, kí ẹ wo ara ihò náà dáadáa lábẹ́ iná. Lókè pátápátá, etí rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀já kan tó ń dán gbinrin. Lábẹ́ ọ̀já náà, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ó sì dagun díẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni etí mímú tó lè gé yín lọ́wọ́ wà. Ibi tó ń dán yẹn nìkan ni pọ́ǹṣì gé. Nínú irin rírọ̀, kì í sábà ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn páànù lọ. Ìyókù ya ni. Ìsán kan bẹ̀rẹ̀ láti etí pọ́ǹṣì, òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti etí dáì, àwọn méjèèjì pàdé láàárín, páànù já.

Kí wọ́n tó lè pàdé, àyè gbọ́dọ̀ wà láàárín pọ́ǹṣì àti dáì. Bí àyè náà bá kéré jù, ìsán méjèèjì á kọjá lára ara wọn láìpàdé, irin á di èyí tí wọ́n ń gé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ á fi agbára kún agbára, etí pọ́ǹṣì á sì tètè kú. Bó bá fẹ̀ jù, páànù á kọ́kọ́ fà wọnú ihò kó tó já, etí mímú ìsàlẹ̀ yẹn á sì gùn sí i. Fún irin rírọ̀, láàárín 5% sí 10% nínípọn páànù, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, èwo nínú àwọn méjèèjì la máa fún ní ìwọ̀n ọjà? Ká ní páànù nípọn mìlímítà 2, a sì fẹ́ ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 10. Ìwọ̀n pọ́ǹṣì ni ihò máa ń gbà, nítorí náà pọ́ǹṣì ló máa jẹ́ 10. Bí a bá fi àyè 0.15 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ihò dáì á di 10.3. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tó já bọ́ gan-an la fẹ́ tà ńkọ́? Ìwọ̀n dáì ni ìyẹn máa ń gbà. Dáì á wá di 10, pọ́ǹṣì á di 9.7. Páànù kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, àmọ́ irin tí a máa gbẹ́ yàtọ̀ síra wọn.

Ó tún ku o. Bí wọ́n bá gbà kí ọjà náà fi 0.1 kéré tàbí kó fi 0.1 tóbi, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní fi ihò dáì yẹn sí 10 géérégé. Bí dáì bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ihò rẹ̀ ń jẹ, tó ń fẹ̀ sí i. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ kékeré ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, bóyá 9.93, kí dáì lè ráyè gbó kí ọjà tó bọ́ kúrò nínú ìwọ̀n. Pọ́ǹṣì tó ń lu ihò, ọ̀dọ̀ ńlá ni tirẹ̀, torí pé òun ń joro ni. Oníbàárà tó bá wá fi ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ yẹ dáì tuntun wò lè rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Ti páànù kíká kò gùn. Ẹ ká a sí igun 90 digiri, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó máa ta padà. Ọdẹ tó ń yìnbọn sí ẹyẹ tó ń fò kì í wo ibi tí ẹyẹ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣẹ́ dáì á ṣe ká a kọjá 90, sí 88 tàbí 87, kó lè padà wá jókòó síbi tí a fẹ́. Bí irin bá ṣe lágbára tó ló ṣe ń ta padà tó. Alumíníọ̀mù tí agbára rẹ̀ bá irin dọ́gba tún máa ń ta padà tó ìlọ́po mẹ́ta, torí pé kò le tó irin láti tẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ife, irú èyí tí kò ní ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀ kankan, tó jẹ́ pé páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n fà di ife. Ẹ jẹ́ ká ní a fẹ́ kí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50, kí gíga rẹ̀ náà jẹ́ 50. Páànù kì í pọ̀ sí i, kì í sì í dín. Ohun tó bá wà lára ife ló gbọ́dọ̀ wà lára páànù róbótó tí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìbú páànù náà á tó nǹkan bí 112. Ẹ wá wo ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ páànù yìí. Etí rẹ̀ tí àyíká rẹ̀ ju 350 lọ ní láti wọ ibi tí àyíká rẹ̀ kò ju 157 lọ. Níbo ni ìyókù máa gbà? Bí a kò bá fi òrùka dì í mú dáadáa, á hunjọ. Bí a bá dì í mọ́lẹ̀ jù, kò ní lè wọlé, ìdí ife á já.

Tí a bá tiẹ̀ dì í mú bó ṣe yẹ pàápàá, 112 sí 50 ti pọ̀ jù fún fífà ẹ̀ẹ̀kan. Irin tó dára kì í sábà gbà ju kí ìbú páànù jẹ́ ìlọ́po 2 ìbú ife, ọ̀pọ̀ sì ń dúró sí 1.8 kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Torí náà, dáì àkọ́kọ́ á fà á sí bí 62, ife fífẹ̀ tó kúrú. Dáì kejì á wá fà á sí 50. Ẹnu rẹ̀ kò sì ní tẹ́jú, torí pé páànù kì í fà bákan náà ní gbogbo ìhà, nítorí náà a ní láti fi àlékún sára páànù láti ìbẹ̀rẹ̀, ká sì tún wá dáì tó máa gé etí rẹ̀. Ẹni tó gbé ife kan wá ti rí i báyìí pé dáì mẹ́ta ló ń béèrè. Ibo lára ife yẹn ni 62 wà? Kò sí níbẹ̀. Ẹ lè wọn ife náà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ike náà ní tirẹ̀. Bó bá ti tutù nínú irin tí wọ́n da á sí, ó máa súnkì. Ike tí wọ́n ń pè ní polypropylene lè súnkì láti 1% dé 2.5%, irú ike mìíràn tó ń jẹ́ ABS kì í sábà dé 1%. Bí a bá gbẹ́ irin náà fún ike tó ń súnkì 1.5%, ohun tí a fẹ́ kó jẹ́ 100 á jẹ́ bí 101.5 nínú irin. Ẹ wá da ike mìíràn sínú irin yẹn kan náà, kí ẹ wo bí ìdérí ṣe máa kọ̀ láti dé orí ìgò. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, dáì ni wọ́n sì dá lẹ́bi.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti ike tí wọ́n ń tì jáde láti inú dáì lọ gbọọrọ. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀pá ike tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, ihò dáì kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó tọ́. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọnú, torí pé ike máa ń wú ní kété tó bá jáde, àárín ẹ̀gbẹ́ ló sì ń wú jù. Ẹ gbẹ́ ihò tó tọ́, ọ̀pá yín á yọkùn.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fọ̀ sí mi: ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń gbẹ́ gbogbo rẹ̀ báyìí. Òótọ́ ni. Ní 1943, Boris àti Natalya Lazarenko ní Soviet ti rí i pé iná mànàmáná tó ń ta pàrà lè jẹ irin líle; ní 1952, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ agbẹ́rin tí nọ́ńbà ń darí han aráyé. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dín wàhálà kù gan-an. Irin D2, irú irin tí wọ́n fi ń ṣe dáì, tí chromium inú rẹ̀ tó 12%, wọ́n ní láti mú un gbóná kọjá 1,000°C kó tó le, bó bá sì ti jáde, kì í jẹ́ ìwọ̀n tó bá wọlé. Ní báyìí, èèyàn lè mú irin le tán kó tó fi iná mànàmáná yẹn gé e. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún ẹ̀rọ ló ń gbẹ́. Bí ẹ bá ní kó gbẹ́ 90, á gbẹ́ 90 tó mọ́ tó sì dán, ọjà yín á sì jáde ní 92.

Ìdí nìyẹn tí dáì tó ti inú ẹ̀rọ olówó ńlá jáde fi tún ń padà sórí tábìlì oníṣẹ́. Wọn á fi ọ̀dà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ojú kan, wọn á pa méjèèjì dé, wọn á ṣí i. Ibi tí búlúù bá ti ràn mọ́ èkejì ni ibi tó ga. Wọn á fi òkúta lọ̀ ọ́ díẹ̀, wọn á tún kùn ún. Lẹ́yìn náà, wọn á tẹ ọjà àkọ́kọ́, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á tú dáì. Ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń bínú sí ń lọ.

Àwọn kan ti wá ń sọ báyìí pé àwọn á kàn fi ẹ̀rọ ya àwòrán dáì àtijọ́, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn tó jọ ọ́. Dáì tó ti gbó ni wọ́n ń dàkọ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti jẹ, àti fún páànù tó ṣeé ṣe kó má sí lọ́jà mọ́. Ẹ gbé ayẹ̀wò yín wá, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ irú páànù tàbí ike tí ẹ máa lò, bó ṣe nípọn tó, ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ àti iye ẹyọ tí ẹ fẹ́ tẹ̀, kí ẹ sì gbé díẹ̀ lára páànù náà gan-an dání fún ìdánwò.